Ìfẹ́-inú Ta Ni? Ọ̀rọ̀-Àpọ́nlé nínú Gbólóhùn Afaragbà Èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti Ojú Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama, orí ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, orí ọ̀tọ̀ sì ni ti irú gbólóhùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'passive'. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àbọ̀ lọ sí ipò olùwà. Yóò tún kọ́ pé ààrin 'was' àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tí ó ń sọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ sábà máa ń wà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìtumọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bí 'deliberately', 'willingly' tàbí 'reluctantly' bá wọ inú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, àti pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i, nítorí pé èdè rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìfẹ́-inú wà nínú gbólóhùn láìní olówó.

Orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa lò fún 'passive' ni gbólóhùn afaragbà, nítorí pé ẹni tàbí ohun tí ìṣe náà ṣẹlẹ̀ sí, ìyẹn olùfaragbà, ni ó jókòó sí ipò olùwà. Ẹni tí ó ṣe nǹkan náà ni olùṣe. Ó lè fara hàn lẹ́yìn 'by', ó sì lè má fara hàn rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan. Ní Olódò, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké mìíràn tí ó yí Ìbàdàn ká, Yorùbá ni àgbẹ̀ fi ń ro ẹjọ́ ààlà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí ẹjọ́ náà yóò bá dé ilé-ẹjọ́ gíga. Ẹni tí ó dúró láàrin ni ògbufọ̀ tàbí akọ̀wé kóòtù. Bí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan bá ṣí ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bi lè ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọrùn ẹlòmíràn.

2.0 Ohun tí àwọn onímọ̀ ti ṣe

Àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Ìwé Sidney Greenbaum ti 1969 dá lé e lórí. Quirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí ìsọ̀rí mẹ́ta nínú ìwé gírámà wọn ti 1972, wọ́n sì fi ẹ̀kẹrin kún un nínú èyí tí ó jáde ní 1985. Ray Jackendoff, nínú ìwé rẹ̀ ti 1972, fi hàn pé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan wà tí ó máa ń wo ojú olùwà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì máa ń yí padà nígbà tí olùwà bá yí padà. Ní 1982, Sally McConnell-Ginet tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé ipò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú gbólóhùn afaragbà lè sọ ìtumọ̀ kan di méjì.

Ní ti Yorùbá, láti ìgbà tí ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé ti jáde ní 1966, tí ti Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀lé e ní 1978, àríyànjiyàn kò dáwọ́ dúró lórí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ bí 'mọ̀ọ́mọ̀', 'tètè' àti 'ṣẹ̀ṣẹ̀'. Àwọn kan ń kà wọ́n sí aṣèrànwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, àwọn mìíràn ń kà wọ́n sí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tí ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ibi tí wọ́n ń dúró sí dájú: ààrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ipò yìí ṣe kókó fún ohun tí ó tẹ̀lé e.

Gbólóhùn kan tí ó ti di ẹnu àmútọ́rọ̀ ni pé Yorùbá kò ní gbólóhùn afaragbà, pé 'wọ́n' ni ó fi ń rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé bí èèyàn bá ti fi 'wọ́n' síwájú, tí ó sì gbé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tẹ̀lé e, iṣẹ́ ti parí.

3.0 Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kò rí bákan náà

3.1 Èyí tí ó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe rí

(1) (a) The house was well built.
(b) Wọ́n kọ́ ilé náà dáadáa.

(2) (a) The house was badly built.
(b) Ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́ ilé náà.

Kò sí ìjà nínú (1). Nínú (2), Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò dúró fún 'badly'. Ó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ tí àbùkù wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e síwájú. Ìhun ti yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò sọnù, nítorí pé ara ilé ni 'well' àti 'badly' wà, kì í ṣe inú ẹni tí ó kọ́ ọ.

3.2 Èyí tí ó ń sọ nípa àwọn olùṣe láìdárúkọ wọn

(3) (a) The story was widely believed.
(b) Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gba ìtàn náà gbọ́.

(4) (a) The land was secretly sold.
(b) Wọ́n ta ilẹ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀.
(d) Wọ́n jí ilẹ̀ náà tà.

'Widely' kò sọ ohunkóhun nípa ìtàn náà. Iye ènìyàn tí ó gbà á gbọ́ ni ó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn ènìyàn náà pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Yorùbá mú wọn jáde, ó fi wọ́n ṣe olùwà. Àpẹẹrẹ (4) léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. (4b) sọ pé ojú ayé kò sí níbẹ̀. (4d) sọ pé olè ni wọ́n jà. Ògbufọ̀ tí ó ń sáré lè bọ́ sínú (4d), nítorí pé òun ni ó máa ń yá lẹ́nu nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí bá dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á ní ìkọ̀kọ̀ lè ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

3.3 Èyí tí ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ènìyàn

Ibí ni ọkàn àpilẹ̀kọ yìí wà.

(5) (a) The witness was reluctantly questioned by the clerk.
(b) Tìkọ̀tìkọ̀ ni akọ̀wé náà fi bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀.
(d) Ẹlẹ́rìí náà ń tìkọ̀ nígbà tí akọ̀wé ń bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Gbólóhùn pọ́nna ni (5a). Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé ni kò fẹ́ béèrè. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlẹ́rìí ni kò fẹ́ kí wọ́n bi òun. Bí 'reluctantly' bá lọ sí iwájú pátápátá, ó máa ń fà sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí. Bí ó bá lọ sẹ́yìn 'questioned', tí ó súnmọ́ 'by the clerk', ó máa ń fà sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Láàrin, kò sí ẹni tí ó lè búra. Àárín yìí sì ni ipò tí ìwé ilé-ìwé sọ pé ó dára jù.

Yorùbá kò ní gbólóhùn kan tí ó lè gba ìtumọ̀ méjèèjì yìí. (5b) jẹ́ ti akọ̀wé nìkan, (5d) jẹ́ ti ẹlẹ́rìí nìkan. Ẹni tí yóò túmọ̀ (5a) gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

(6) (a) The farmer was deliberately left out.
(b) Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ àgbẹ̀ náà sílẹ̀.
(d) Àgbẹ̀ náà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ sílẹ̀.
(e) Àgbẹ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ òun sílẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé (6d) ni ó bá Gẹ̀ẹ́sì mu jù, nítorí pé ó gbé àgbẹ̀ wá síwájú. Òtítọ́ ni pé àkíyèsí alátẹnumọ́ ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí gbólóhùn afaragbà ń ṣe. Síbẹ̀, àgbẹ̀ inú (6d) kò di olùwà 'mọ̀ọ́mọ̀'. Ẹsẹ̀ 'wọ́n' ni 'mọ̀ọ́mọ̀' ṣì dúró sí. Kí ìfẹ́-inú tó lè jẹ́ ti àgbẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ lọ sí (6e), níbi tí àgbẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀, ìyẹn 'jẹ́ kí'. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Àìdájú inú Gẹ̀ẹ́sì náà ní ààlà tirẹ̀. Bí olùfaragbà kò bá ní ẹ̀mí, kò sí ìjà:

(7) The tax was reluctantly paid.

Owó-orí kò ní inú tí yóò fi tìkọ̀. Ẹni tí ó san án ni ó ń tìkọ̀. Nítorí náà, ìgbà tí olùfaragbà bá jẹ́ ènìyàn ni olùkọ́ àti ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ la ojú wọn.

4.0 Olùṣe tí ó fara pa mọ́

Ìbéèrè kan lè dìde níbí: Yorùbá kò ha ní gbólóhùn tí olùfaragbà jẹ́ olùwà, tí 'wọ́n' kò sì sí níbẹ̀? Ó ní.

(8) (a) Ilẹ̀ náà tà.
(b) Ilẹ̀ náà tètè tà.
(d) *Ilẹ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ tà.

(9) (a) The land was deliberately sold.
(b) Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ta ilẹ̀ náà.

Lójú, (8a) jọ gbólóhùn afaragbà. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni ó tú àṣírí rẹ̀. 'Tètè' wọ inú rẹ̀ nítorí pé àkókò ni ó ń sọ. 'Mọ̀ọ́mọ̀' kọ̀, nítorí pé kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan. Nínú (9a), Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ olùṣe, ṣùgbọ́n 'deliberately' rí i níbi tí ó fara pa mọ́ sí. Ohun tí èyí fi hàn ni pé olùṣe kò kúrò nínú gbólóhùn afaragbà Gẹ̀ẹ́sì; wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni. Gbólóhùn oní-'wọ́n' ni ó bá a dọ́gba ní Yorùbá, kì í ṣe irú (8a). Ẹni tí ó bá túmọ̀ (9a) sí (8a) ti pa olùṣe rẹ́ pátápátá.

5.0 'A', 'wọ́n', àti 'láti ọwọ́'

Ọ̀rọ̀ kò tán sórí 'wọ́n'. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní 1884, tí Àjàyí Crowther ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, 'a' ni wọ́n sábà fi síbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo gbólóhùn afaragbà. Àṣà yìí ti wọ inú ìwé kíkọ, ó sì ti wọ inú ìkéde ìjọba. Kò sí àléébù nínú rẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ìfẹ́-inú fi dé.

(10) (a) A yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.
(b) A mọ̀ọ́mọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ẹni tí ó ka (10a) lè gbà pé kò sí ẹni pàtó tí 'a' ń tọ́ka sí. Nígbà tí ó bá ka (10b), ìjẹ́wọ́ ni ó gbọ́: àwa tí a ń sọ̀rọ̀ ni a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. 'Mọ̀ọ́mọ̀' ń wá ẹni tí ó ní inú, ó sì sọ 'a' tí kò ní ojú di 'àwa'. Akọ̀wé tí ó bá fi (10b) túmọ̀ 'His name was deliberately removed' ti dá ara rẹ̀ àti ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́bi láìmọ̀.

'Wọ́n' náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọdé kì í fi 'ó' pe àgbà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Olódò bá sọ pé 'Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ààlà náà kúrò', ó lè jẹ́ pé kò mọ ẹni tí ó gbé e, ó sì lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ tàbí baálẹ̀ ni ó ń bọ̀wọ̀ fún. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ sọ àyà pé Yorùbá kò ní àìdájú. Yorùbá sọ ẹni tí ìfẹ́-inú jẹ́ tirẹ̀, pé olùwà ni, ṣùgbọ́n ó lè má sọ ẹni tí olùwà náà jẹ́.

Èyí tí ó burú jù ni àdàpọ̀ 'a' àti 'láti ọwọ́', tí ó ti pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti ìwé ìjọba:

(11) (a) ?A mọ̀ọ́mọ̀ yọ àgbẹ̀ náà sílẹ̀ láti ọwọ́ akọ̀wé.
(b) Akọ̀wé ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ àgbẹ̀ náà sílẹ̀.

'Láti ọwọ́' dára ní iwájú orúkọ òǹkọ̀wé ní ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà ti wá ní tòótọ́. Nínú (11a), olùṣe ti di méjì: 'a' àti akọ̀wé. 'Mọ̀ọ́mọ̀' wà lọ́dọ̀ 'a', akọ̀wé sì bọ́ nínú ìfẹ́-inú náà, ó dà bí ohun èlò lásán. (11b) ni Yorùbá tí ó jíire. Bí a bá mọ olùṣe, kí a dárúkọ rẹ̀ ní ipò olùwà.

6.0 Níwájú kóòtù àti ìgbìmọ̀ ìwádìí

Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti 2011, ní abala 29, kò gba kí kóòtù lo ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìnilára gbà lẹ́nu ènìyàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan ṣoṣo lè gbé ẹjọ́ ró tàbí kí ó wó o.

(12) (a) The statement was voluntarily made.
(b) Ó fínnúfíndọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà.
(d) Wọ́n fínnúfíndọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀lé òfin 'fi wọ́n síwájú', (12d) ni yóò kà fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn náà tọ́ ní gírámà. Ohun tí ó sọ ni pé ọlọ́pàá ni ó fínnúfíndọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í nìyẹn. Olùjẹ́jọ́ lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ó gbà pé òun ni òun fínnúfíndọ̀. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni ó ṣí lọ láàrin wọn.

Ìtàn agbègbè yìí fúnra rẹ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn dìde nítorí owó-orí nínú ìjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà. Akanran, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà lónìí, jẹ́ ọ̀kan nínú ibùdó rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ E. O. Ayọ̀ọ́lá lórí rògbòdìyàn oṣù December 1968, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìjábọ̀ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìjábọ̀ náà ni àpilẹ̀kọ yìí ń dá lẹ́jọ́. Àwọn àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e jẹ́ èyí tí wọ́n hun láti fi irú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ hàn:

(13) (a) The tax was forcibly collected.
(b) Wọ́n fi ipá gba owó-orí náà.

(14) (a) The tax was reluctantly paid.
(b) Tìkọ̀tìkọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ fi san owó-orí náà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni (13) àti (14) lè máa sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, olùwà wọn kò yàtọ̀: 'the tax' ni. Ẹni tí ó ń kà á lè kọjá láti orí ọ̀kan dé orí èkejì láìfura pé òun ti kúrò lọ́dọ̀ agbowó-orí, òun ti dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ipá bá wà, a gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹni tí ó lò ó. Bí ìtìkọ̀ bá wà, a gbọ́dọ̀ rí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Àgbẹ̀ tí ó bá ka ìtumọ̀ (13) àti (14) yóò rí ẹni méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Ẹni tí ó bá ka Gẹ̀ẹ́sì lè má rí ju owó lọ.

7.0 Àríwísí lórí ọ̀nà ìkọ́ni

Iṣẹ́-àṣetiléwá tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ irú gbólóhùn bí 'The farmer willingly followed the constable' di afaragbà. Yóò kọ 'The constable was willingly followed by the farmer'. Olùkọ́ á fún un ní máàkì, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ kan, èkejì ní méjì. Ohun tí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé méjèèjì dọ́gba. Wọn kò dọ́gba.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ètò náà fi lélẹ̀ ni pé èdè abínibí kì í ṣe ìdènà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: irinṣẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó kọ́kọ́ sọ (5a) ní Yorùbá yóò dúró, yóò sì béèrè pé, 'Ta ni ó ń tìkọ̀?' Ìbéèrè náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ fi rọ́pò òfin ipò: Ṣé ara iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀-àpọ́nlé yìí wà, tàbí inú ènìyàn? Bí inú ènìyàn bá ni, ṣé olùfaragbà ní ẹ̀mí? Bí ó bá ní in, inú ta ni nínú àwọn méjèèjì?

Ó tọ́ kí a fún Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹni tí ó ṣe nǹkan kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ 'The seeds were carefully weighed' nínú ìjábọ̀ ìwádìí kò fi ẹnikẹ́ni pa mọ́. Ó kàn fẹ́ kí ojú wà lára irúgbìn. 'Wọ́n fara balẹ̀ wọn irúgbìn náà' máa ń mú kí ènìyàn kan yọ sí ojú ìran láìnídìí. Àléébù kò sí nínú ìhun náà. Inú lílò ó láìbi ara ẹni léèrè ni ó wà.

8.0 Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé wíwí pé 'wọ́n' ni Yorùbá fi ń rọ́pò gbólóhùn afaragbà kò tó. Ó tó fún ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tí ó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Fún èyí tí ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ènìyàn, ó lè gbé ìfẹ́-inú lé ẹni tí kò ni ín lórí. Yorùbá kò ní àìní kan níbí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ̀ láti jẹ́ kí ìfẹ́-inú dúró ní ìta gbangba láìsí ẹni tí yóò dáhùn fún un. Ògbufọ̀ tí ó bá mọ èyí kò ní wá ọ̀rọ̀ tí ó bá 'willingly' dọ́gba kí ó tó wá ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá sì dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kò ti jẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè, kì í ṣe láti yàn fún ẹlẹ́jọ́.